Ta Ló Ń Sanwó Eré Wa?

Mo ní ẹ̀ṣẹ̀ kékeré kan láti jẹ́wọ́ kí n tó bọ́ sórí èyí tó tóbi. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti ń sọ fún àwọn ọ̀dọ́ pé asán ni ìwé ìtàn àròsọ, pé kí wọ́n ka Bíbélì wọn, kí wọ́n ka ìwé ilé ẹ̀kọ́ wọn, ó parí. Nígbà tí ọ̀yẹ́ mú ní Jos níbí, tí iná lọ tí kò padà wá fún ọjọ́ mẹ́rin, ìyàwó mi gbé ìwé kan lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Bàbá Ìbùkún, ẹ ka èyí, kí ẹ yé rìn káàkiri ilé bí ẹni tó sọ kọ́kọ́rọ́ nù." Mo gbà á kí àlàáfíà lè wà. Mo ní n óò ka ojú ewé mẹ́wàá, kí n dá a padà. Alẹ́ ọjọ́ kejì ni mo kà á tán, lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì, pẹ̀lú aṣọ ìbora léjìká. Mo gbádùn rẹ̀ gan-an. Lẹ́yìn tí mo pa á dé, n kò rí oorun sùn.

Orúkọ ìwé náà ni Stay With Me. Ayọ̀bámi Adébáyọ̀ ló kọ ọ́. Ọdún 2017 ló jáde, nítorí náà kì í ṣe ọmọ àná lọ́jà, ṣùgbọ́n tuntun ni lójú mi, mo sì rò pé ọ̀pọ̀ nínú yín ni kò tíì rí i. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, àmọ́ Yorùbá ló ń mí nínú rẹ̀. Àní àkọlé rẹ̀ gan-an, orúkọ Yorùbá ni: Rótìmí, orúkọ ọmọ kan nínú ìtàn náà, orúkọ tí a máa ń fún ọmọ tí a ń bẹ̀ pé kó má ṣe lọ. Ìlú Iléṣà ni púpọ̀ nínú ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, láyé ìgbà tí àwọn ológun ń gbàjọba lọ́wọ́ ara wọn. Ṣùgbọ́n ẹ wá wò ó: Jos níbí ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀! Oṣù Kejìlá ọdún 2008 ni, obìnrin kan fẹ́ kúrò ní ìlú yìí padà sí Iléṣà, sí ilé tó ti sá kúrò tipẹ́. Àwa tí a wà níbí lọ́dún náà mọ irú ìparí ọdún tó jẹ́ fún wa. Bí mo ṣe rí orúkọ ìlú wa ni mo gbé àga sún mọ́ fèrèsé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn náà ní ṣókí. Yéjídé ni orúkọ obìnrin náà. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tó ń bí i, àárín àwọn ìyàwó bàbá rẹ̀ ló dàgbà sí, kò rí ẹni fi ṣe ìyá. Ó pàdé Akin ní Yunifásítì Ifẹ̀, wọ́n fẹ́ràn ara wọn, wọ́n sì fẹ́ ara wọn. Obìnrin náà ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ tó ti ń ṣe irun. Ọdún ń gorí ọdún, kò sí ọmọ. Ìyá ọkọ, tí wọ́n ń pè ní Mọ́ọ̀mi, fara dà á títí, ó sú u. Ni wọ́n bá mú ìyàwó kejì wá, ọmọge kan tó ń jẹ́ Fúnmi. Lọ́jọ́ tí àwọn ẹbí mú un wọlé, Yéjídé fúnra rẹ̀ ló gbà wọ́n lálejò. Ó ṣe ìyàwó ilé bó ṣe yẹ kí ìyàwó ilé ṣe. Ohun tó ń hó nínú rẹ̀ lọ́jọ́ náà, òun nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Obìnrin yìí wá ọmọ kiri. Ó gun òkè àdúrà lọ bá wòlíì kan. Wọ́n ní kó mú ewúrẹ́ dání, wọ́n ní kó fún ewúrẹ́ náà lọ́mú. Ó ṣe é. Obìnrin tó kàwé, tó níṣẹ́ lọ́wọ́, ó fi ọmú sí ewúrẹ́ lẹ́nu. Ó sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ìdánilójú pé òun ti lóyún. Ikùn ń yọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ àwọn dókítà kò rí ọmọ kankan níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ óò ka ìwé náà, ẹ dárí jì mí níbí, nítorí mo ní láti tú àṣírí kan kí ọ̀rọ̀ mi tó lè yé yín. Ara ọkọ ni àìlera náà wà. Akin mọ̀. Ìyàwó rẹ̀, tí kò mọ ọkùnrin kankan kó tó fẹ́ ẹ, kò mọ̀. Akin dákẹ́, ó jẹ́ kó máa wá ohun tí kò sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ kiri. Ohun tó tún ṣe lẹ́yìn ìyẹn kí àṣírí má baà tú, n kò ní sọ ọ́. Ẹ kà á fúnra yín.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé n kò lè kórìíra Akin. Ẹni tó kọ ìwé náà fún tọkọtaya méjèèjì láàyè láti sọ tẹnu wọn. Ẹ óò gbọ́ Yéjídé, inú yóò bí yín; ẹ óò gbọ́ Akin, omijé yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́. Ó fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀. Kò jókòó níbì kan pinnu pé òun yóò ba ayé obìnrin jẹ́. Ipò tí wọ́n ti yàn fún un láti kékeré ló ń ṣe: àkọ́bí, ọkùnrin, ọkọ, bàbá àwọn ọmọ. Mọ́ọ̀mi náà ń ṣe ipò ìyá ọkọ, Fúnmi ń ṣe ipò ìyàwó tuntun, wòlíì orí òkè ń ṣe ipò ènìyàn Ọlọ́run. Kálukú ti wọ aṣọ eré tirẹ̀. Mo wo aṣọ wòlíì náà dáadáa, ẹ̀rù sì bà mí, nítorí mo mọ ibi tí wọ́n ti ń rán irú rẹ̀.

Ìbéèrè tó gba oorun lójú mi nìyí: ṣé gbogbo ipò tí à ń ṣe níwájú ènìyàn, ẹ̀tàn ni? Ṣé ẹni tó bá rẹ́rìn-ín nígbà tí inú rẹ̀ bàjẹ́ ti purọ́?

Bí a bá wo Ìwé Mímọ́ lóréfèé, ó lè dà bíi pé bẹ́ẹ̀ ni. Nínú Májẹ̀mú Tuntun, ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí a túmọ̀ sí àgàbàgebè ni hypokritēs. Òṣèré orí ìtàgé ni àwọn Gíríìkì ń fi ọ̀rọ̀ náà pè. Òṣèré wọn a máa fi ìbòjú bo ojú, a sì máa sọ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn lẹ́nu. Orúkọ yìí ni Jésù pe àwọn tó ń dúró sí ìkóríta gbàdúrà kí ayé lè rí wọn, ẹ wò ó nínú Mátíù orí kẹfà. Nítorí náà, àwọn kan nínú wa gbà pé ẹni tó bá fẹ́ jẹ́ olóòótọ́ gbọ́dọ̀ máa da gbogbo ohun tó wà níkùn rẹ̀ síta. Irú wọn ló máa ń sọ fún ìyàwó ẹlòmíràn pé ọbẹ̀ rẹ̀ kò dùn, tí wọ́n á ní, "Èmi kì í ṣe àgàbàgebè o." Ẹ jọ̀ọ́, ìyẹn kì í ṣe òtítọ́, ìwà àìmọ̀wàáhù ni.

Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ tú ọ̀rọ̀ náà. Ẹ kọ́kọ́ wo òṣèré gidi. Hubert Ògúndé ṣì wà nínú iṣẹ́ ọlọ́pàá nígbà tó gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní Èkó lọ́dún 1944. Ìtàn ọgbà Édẹ́nì ni eré náà, ìjọ Aládùúrà kan ló sì ṣe é fún. Nínú ìjọ Ọlọ́run ni eré orí ìtàgé tiwa ti gbéra sọ, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọmọ Èṣù ni. Tàbí ẹ rántí Bàbá Sàlá, Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni òun náà, pẹ̀lú aago ńlá tó so kọ́ra àti awò ojú rẹ̀ gbàǹgbà. Ta ló lè sọ pé Bàbá Sàlá tan òun jẹ? Òun mọ̀ pé eré ni, àwa tí a sanwó wọlé mọ̀ pé eré ni. Gbogbo wa la jọ mọ̀, gbogbo wa la jọ rẹ́rìn-ín, a sì tú ká sílé.

Ẹ wá wo irú kejì. Ìyá kan ṣòfò ọkọ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ó dìde, ó da omi ẹ̀kọ, ó di gèlè fún ọmọ rẹ̀ obìnrin, ó ní, "Ẹ má jẹ́ kí ẹ pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé o." Ṣé irọ́ ló ń pa? Rárá o. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ipò ìyá ló dìde dúró nígbà tí ara ìyá kò lè dìde mọ́. Èmi náà ti dúró létí sàréè rí, tí n kò ní ọ̀rọ̀ kankan lẹ́nu, tí mo sì ka àdúrà inú ìwé nítorí pé àwọn ẹbí nílò pásítọ̀ lọ́jọ́ náà ju bí wọ́n ṣe nílò ẹ̀dùn ọkàn mi lọ. Jósẹ́fù ṣe bẹ́ẹ̀ ní Íjíbítì. Ó fi ògbufọ̀ bá àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò gbọ́ èdè wọn, ó ń wọ yàrá lọ sunkún, ó ń bọ́jú, ó ń jáde padà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan dé tó ní kí gbogbo ènìyàn jáde, tó sì sọ fún wọn pé òun ni Jósẹ́fù. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn: ó ní yàrá tó ti ń sunkún, ó sì ní ọjọ́ tó bọ́ ìbòjú náà.

Irú kẹta ló ṣòro. Ẹ ṣí Jẹ́nẹ́sísì orí kejìlá. Ìyàn mú, Ábúráhámù ń lọ sí Íjíbítì, ẹ̀rù sì ń bà á pé wọn yóò pa òun nítorí ẹwà ìyàwó òun. Ó ní kí Sárà ṣe ipò àbúrò. Ẹ wo eré náà bó ṣe lọ: Ábúráhámù gba àgùntàn, ó gba màlúù, ó gba ìránṣẹ́kùnrin àti ìránṣẹ́bìnrin. Sárà ni wọ́n mú lọ sí ilé Fáráò. Bàbá ìgbàgbọ́ ló ṣe é, kì í ṣe ọmọ ìta. Nígbà tó yá, ní orí ogún, ó tún un ṣe fún ọba Gérárì. Mo ti wàásù lórí orí yìí tó ìgbà mẹ́rin, ewu irọ́ pípa ni mo sì máa ń fi parí rẹ̀. Ìwé Ayọ̀bámi ló kọ́ mi láti béèrè ìbéèrè kan tí n kò béèrè rí: nínú eré yìí, ta ló sanwó?

Mo gbà pé ìbéèrè yẹn ló ya ipò ìfẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ipò ẹ̀tàn. Ìyá tó ṣòfò ọkọ ń ṣe eré, òun fúnra rẹ̀ ló ń sanwó rẹ̀, kí àwọn ọmọ lè jẹun. Akin ń ṣe eré ọkùnrin tí nǹkan kan kò ṣe, Yéjídé ló sì ń sanwó rẹ̀ lórí òkè, lọ́sibítù, lẹ́nu àna, ní ojú àwọn obìnrin tó ń wá dirun ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Èyí tó burú jù níbẹ̀, Yéjídé kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ń sanwó. Ó rò pé gbèsè ara òun ni.

Kí ẹ má baà rò pé ọ̀rọ̀ inú ìwé nìkan ni, ẹ jẹ́ ká wo ara wa, àwa tí à ń gbé òkè ọ̀hún. Bí oṣù Kejìlá bá dé, a ó di ẹrù, a ó lọ sílé. Àwọn ará ilé gbà pé ẹni tó wà ní Jos ti là, pé owó ń hù níbí bí ọ̀dùnkún. Kò sí ẹni tó fẹ́ já wọn kulẹ̀. A ó ra aṣọ ẹbí mẹ́ta, a ó na owó fún onílù, a ó fi owó lé bàbá lọ́wọ́ lójú gbogbo ènìyàn. Mo ti ṣe é rí. Títí oṣù Kìíní fi parí, ọmọ tèmi kò wọ kíláàsì, nítorí owó ilé ìwé ti bọ́ sí ìlù. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ló jókòó sílé san owó eré bàbá rẹ̀. Bí mo bá bi í nígbà náà pé kí ló fà á tí kò fi lọ sí ilé ìwé, ohun tí mo sọ fún un ni yóò sọ: "Wọn kò tíì wọlé." Mo ti fa ọmọ náà wọ inú eré.

Ṣùgbọ́n kò tọ́ ká na ìka sí Akin nìkan. Ta ló kọ eré náà fún un? Àwa ni. Ẹ pe ọ̀rọ̀ náà, "àgàn", kí ẹ wo ẹni tó wá sí yín lọ́kàn. Obìnrin ni. Àwọn dókítà ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé àìrọ́mọbí lè ti ọ̀dọ̀ ọkọ wá, ó lè ti ọ̀dọ̀ aya wá, ó sì lè ti ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì wá. Síbẹ̀, gbogbo orin wa, gbogbo àdúrà wa, obìnrin ni wọ́n dojú kọ. Bí ó bá wá kan ọkùnrin, ẹ̀fẹ̀ ni. Ẹni tí wọ́n bá pè ní akúra, ẹ̀rín ni wọ́n fi ń ṣe níbi tí wọ́n ti ń ta ayò. Ìlú tó bá ń fi irú àìlera bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, òpùrọ́ ló ń tọ́ dàgbà. N kò sọ pé Akin kò jẹ̀bi, ó jẹ̀bi. Mo ń sọ pé àwa òǹwòran náà ní ìdí tí a fi ń pàtẹ́wọ́.

Ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ mi tó tóbi wà nìyí. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ yín, mo ṣe iṣẹ́ ìránṣẹ́ ní ibòmíràn. Ní ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù, mo máa ń pe àwọn obìnrin tó ń wojú Olúwa fún ọmọ jáde síwájú pẹpẹ. Obìnrin ni mo máa ń sọ. Arábìnrin kan wà tó jáde fún ọdún mẹ́fà. Ọkọ rẹ̀ wà láàárín àwọn akọrin. Àwọn ló ń kọrin nígbà tí mo bá ń gbé ọwọ́ lé ìyàwó rẹ̀ lórí. Ní ọdún keje, lọ́jọ́ kan, mo pe ìpè, arábìnrin náà kò dìde. Ó jókòó, ó fi ojú sí Bíbélì rẹ̀. Mo rí i. Mo gbé makirofóònù sún mọ́ ẹnu, mo ní àwọn kan wà nínú ilé tí ìgbàgbọ́ wọn ti tutù, tí wọ́n fẹ́ fi ìjókòó dí iṣẹ́ ìyanu ara wọn lọ́wọ́. N kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n gbogbo ìjọ yíjú sí ibì kan náà. Ó dìde. Ó rìn jáde. Mo gbé ọwọ́ lé e lórí, ìjọ bú sí "Àmín". Mo lọ sílé, mo jẹ iyán.

Lóru ọjọ́ tí mo ka ìwé yìí tán ni ìrìn arábìnrin náà padà sí mi lójú. Ní gbogbo ọdún yẹn, n kò pe ọkọ rẹ̀ jáde rí. N kò jókòó ti àwọn méjèèjì rí láti béèrè bóyá wọ́n jọ lọ rí dókítà. N kò tilẹ̀ bi arábìnrin náà bóyá ó fẹ́ kí á pe òun. Nígbà tí iná dé, mo wá nọ́ńbà rẹ̀ títí mo fi rí i. Wọ́n ti kó lọ sí ìlú mìíràn. Mo ní kó dárí jì mí. Mo sì gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó kọ èyí síbí, mo yọ gbogbo ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi dá a mọ̀.

Ó kọ́kọ́ dákẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Pásítọ̀ wa, mo ti dárí jì yín tipẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín. Láti ìjókòó mi dé iwájú pẹpẹ, ìṣísẹ̀ mẹ́rìnlélógún ni. Mo mọ̀ nítorí pé mo máa ń kà á. Lọ́jọ́ yẹn, ta ni ẹ ń ṣe é fún, sà?"

N kò rí èsì fún un. Mo ní èsì báyìí, kò sì dùn ún sọ. Èmi fúnra mi ni mo ń ṣe é fún. Mo ń ṣe ipò pásítọ̀ tí nǹkan ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Bí àwọn obìnrin bá pọ̀ níwájú pẹpẹ, iná àdúrà ń jó nìyẹn. Bí ìjókòó wọn bá kún, bí ẹni pé ó ti ń tán lọ́wọ́ mi. Ìṣísẹ̀ mẹ́rìnlélógún lọ́ọ̀dún lọ́ọ̀ṣù ni arábìnrin náà fi ń san owó eré tí mo ń ṣe. Èmi kò gbé ewúrẹ́ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mo gbé fún un.

Mo tún padà sí ìtàn Hánà nínú Sámúẹ́lì Kìíní, orí kìíní. Lọ́dọọdún ni ó ń bá ọkọ rẹ̀ lọ sí Ṣílò fún àjọ̀dún, orogún rẹ̀ a máa fín in níràn, oúnjẹ a kọ̀ ọ́ lẹ́nu. Lọ́jọ́ kan, ó dìde, ó lọ sunkún níwájú Olúwa, ètè rẹ̀ ń mì, ohùn kò jáde. Élì àlùfáà wo ẹnu rẹ̀, ó ní ọtí ló ń pa á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo bó ṣe rí: obìnrin náà ti bọ́ gbogbo aṣọ eré sílẹ̀, ó dúró bí ó ti rí gan-an, àlùfáà ni kò dá òtítọ́ mọ̀ nígbà tó rí i. Irú àdúrà tó mọ́ Élì lójú kọ́ nìyẹn. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí máa ba àwa tí à ń dúró níwájú pẹpẹ lẹ́rù. Ṣùgbọ́n nígbà tí Hánà ṣàlàyé, Élì kò jiyàn. Ó yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà, ó súre fún un. Àgbàlagbà tó lè yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà lójú ẹni tó ṣẹ̀, ọ̀nà rẹ̀ kò tíì dí.

Ẹ ti ṣàkíyèsí pé láti oṣù bíi mélòó kan, n kò pe ẹnikẹ́ni jáde fún ọ̀rọ̀ ọmọ mọ́ nínú ìjọ wa. Àwọn màmá kan ti bi mí, tìfẹ́tìfẹ́ ni, pé ṣé iná àdúrà ti kú ni. Ìdáhùn mi lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kà yìí. A kò dẹ́kun àdúrà. Yàrá tó wà lẹ́yìn ilé ìjọsìn wà ní ṣíṣí lẹ́yìn ìsìn, tọkọtaya ni à ń retí níbẹ̀, kì í ṣe obìnrin nìkan. Kò sí makirofóònù níbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ẹni tí yóò bá yín lọ rí dókítà, a óò bá yín lọ.

Mo mọ ohun tí ẹlòmíràn yóò sọ. Yóò ní, "Pásítọ̀, ṣé ẹ fẹ́ kí kálukú wá tú àṣírí ara rẹ̀ sójú ọjà ni?" Rárá o. Ẹni tó bá ní àìlera kò jẹ ìjọ ní gbèsè àlàyé. Kò jẹ àna, kò jẹ aládùúgbò. Ẹnì kan ṣoṣo ló jẹ ní gbèsè òtítọ́: ẹni tó ń bá a sanwó. Akin kò nílò láti dúró ní ààrin ọjà Iléṣà kéde ara rẹ̀. Yéjídé nìkan ló yẹ kó sọ fún, nínú yàrá wọn, ní alẹ́ ọjọ́ kan. Bí ó bá ti sọ fún un, bóyá obìnrin náà ì bá bá a bò ó. Obìnrin tó lè gun òkè nítorí ọmọ lè pa àṣírí mọ́ nítorí ọkọ. Ṣùgbọ́n òun ni yóò pinnu pé òun fẹ́ san án. Òtítọ́ tí a sọ lálẹ́ ọjọ́ kìíní a máa dùn wá fún ọ̀sẹ̀ kan. Èyí tí a fi pamọ́ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo náà ló ń lé e bá, kì í sì í bá ẹnì kan ṣoṣo nílé.

Nítorí náà, kí oṣù yìí tó parí, ẹ bá mi ṣe ohun kan. Ẹ wo ipò tí ẹ ń ṣe: bàbá tí kì í rẹ̀, ìyàwó tí inú kì í bí, ọmọ ìlú tó ti là, alàgbà tí kò ní iyèméjì. Ẹ má kàn bọ́ ọ jùnù. Òmíràn nínú rẹ̀, ìfẹ́ ló ń gbé e ró. Ẹ kàn béèrè ẹni tó ń sanwó rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yin fúnra yín ni, ẹ wá ẹnì kan tí ẹ lè bọ́ aṣọ náà sílẹ̀ níwájú rẹ̀ kó tó wọ̀ yín lọ́rùn jù. Bí ó bá jẹ́ ẹlòmíràn ló ń san án, ẹ lọ bá a. Èmi ti lọ bá ọmọ mi nípa oṣù Kìíní yẹn. Ó ti di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún báyìí. Ó ní, "Dádì, mo mọ̀ nígbà yẹn náà."

Ní ti ìwé náà, ẹ wá a kà. Kì í ṣe ìwé ọmọdé o. Ọ̀rọ̀ tọkọtaya wà nínú rẹ̀, ikú ọmọ wà nínú rẹ̀, ẹ má gbé e síbi tí àwọn kékeré yóò ti mú un. Tèmi wà lọ́wọ́ ìyàwó mi, àwọn mẹ́ta ló ti tò fún un. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo gba ọ̀rọ̀ mi ọdún mẹ́wàá padà.

Kí Olúwa tó rí Hánà nígbà tí àlùfáà kò rí i, kó rí wa bí a ti rí, kó sì fún wa ní ìgboyà láti san gbèsè tiwa fúnra wa. Àmín.